Ẹyọ Ìgbálẹ̀ Méjì

Bí lọ́rì ṣe dúró ní Ṣàngó ni Fàlílù ju àpò ológun rẹ̀ sílẹ̀, òun náà sì fò tẹ̀ lé e. Ọdún 1946 ni. Ṣàngó ìgbà náà kò ju oríta kan àti ilé mélòó kan lọ, pẹ̀lú obìnrin kan tó pàtẹ ẹ̀pà sábẹ́ igi. Ẹ̀pà yẹn wọ Fàlílù lójú. Ó ti lé lọ́dún mẹ́ta tó ti fi ẹnu kan ẹ̀pà ilé gbẹ̀yìn. Ó ní láti sún mọ́ obìnrin náà dáadáa kó tó mọ̀ ọ́n, torí ẹ̀wọ̀n ti ba ojú rẹ̀ jẹ́. Ohun tó bá ti jìn díẹ̀, bàìbàì ló ń rí i. Kùdírátù ni, ọmọ àdúgbò wọn ní Ọ̀tà.

"Kùdírátù, o ò mọ̀ mí mọ́ ni?"

Kùdírátù gbójú sókè. Háà! Igbe tó fi bọ ẹnu, ẹni tó wà lókè ọ̀hún gbọ́ ọ.

"Yéè! Akúdàáyà! Fàlílù tí a ti ṣe fídáù rẹ̀! Ẹ gbà mí o!"

Ó da ẹ̀pà nù, ó ki eré mọ́lẹ̀ lọ́nà Ọ̀tà, bàtà rẹ̀ ẹsẹ̀ kan ṣoṣo ló kù nílẹ̀.

Ẹ̀rín kọ́kọ́ fẹ́ pa Fàlílù. Ó ya ẹnu láti pè é padà, ló bá rántí nǹkan kan, ó sì pa ẹnu dé. Wọ́n ti ṣe fídáù òun. Gbogbo Ọ̀tà ló gbà pé òun ti kú. Bí Kùdírátù tí kò ṣẹ òun bá lè sá báyìí, báwo ni Mùsílíù yóò ṣe sá?

Ọ̀nà méjì ló wà níwájú rẹ̀ ní oríta yẹn. Ọ̀kan lọ sí Ọ̀tà, sílé, sọ́dọ̀ Ìyádùnní ìyá rẹ̀ tó bí i ní ọmọ kan ṣoṣo. Èkejì gba inú igbó lọ sí oko Itele, níbi tí Mùsílíù ti ń dáko. Àwọn àgbà ní ilé làbọ̀ sinmi oko. Fàlílù gbé àpò rẹ̀ kọ́ èjìká, ó yà sí ọ̀nà oko.

Kí ni Mùsílíù ṣe fún un? Ẹ jókòó dáadáa kí ẹ gbọ́. Ọmọ tẹ̀gbọ́n tàbúrò ni wọ́n, inú àwo kan náà ni wọ́n ti ń jẹun láti kékeré. Ní ọdún 1943, nígbà tí òyìnbó ń kó ọmọ ogun jọ kiri, ọ̀rọ̀ kan agboolé wọn: kí wọ́n mú ọ̀dọ́mọkùnrin kan wá. Àwọn méjì péré ló tó lọ. Ọmọ ọdún méjìdínlógún ni Fàlílù, Mùsílíù fi ọdún méjì jù ú lọ.

Olórí ilé wọn mi orí. Ó ní, "Èmi ò ní í fi ẹnu ara mi yan ọmọ tí yóò lọ kú. Ẹ lọ fa ìgbálẹ̀."

Bí wọ́n ṣe ń parí ọ̀rọ̀ tó bá le nínú agboolé náà nìyẹn. Wọn a já ẹyọ ìgbálẹ̀ méjì, wọn a jẹ́ kí ọ̀kan gùn, wọn a gé èkejì kúrú. Ẹnì kan a di méjèèjì mọ́wọ́ kí orí wọn dọ́gba, ẹnì kejì a fa ọ̀kan yọ. Ẹni tí kúkúrú bá já mọ́ lọ́wọ́ lọ̀rọ̀ kàn. Mùsílíù ni wọ́n ní kó di ìgbálẹ̀ mú. Ó ń kéwú, ó ń pe ìrun fún àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, ta ni yóò fura sí i? Fàlílù na ọwọ́, ó fà. Kúkúrú ni. Mùsílíù ju èyí tó kù sínú iná ìdáná, kò sí ẹni tó bi í pé báwo ló ṣe rí.

Ìyádùnní da ara délẹ̀, ó ń sunkún. Fàlílù ló tún ń rẹ ìyá rẹ̀ lẹ́kún. "Màámi, ohun tó wà nínú kádàrá mi nìyẹn. Mo máa padà wá."

Ẹní ni Ìyádùnní ń hun tà. Ó nu ojú rẹ̀, ó ní, "Àkànbí, mo máa hun ẹní kan dè ọ́. N ò ní tà á, n ò ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni jókòó lé e. Ọjọ́ tí o bá dé, orí rẹ̀ lo máa kọ́kọ́ sùn."

Wọ́n kó Fàlílù àti Láwàlì, ọmọ agboolé kejì, gun ọkọ̀ ojú omi lọ sí Íńdíà, láti ibẹ̀ wọ́n wọ igbó Bọ́mà. Òjò ibẹ̀ kì í dá. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan ní ọdún 1944, àwọn ọmọ ogun Jàpáànù yí wọn ká létí odò. Àwọn méjì yìí ò tíì rí ọ̀nà sá tí wọ́n fi dè wọ́n lọ́wọ́ sẹ́yìn. Ọjọ́ mọ́kàndínlógún ni wọ́n fi rìn láìwọ bàtà kí wọ́n tó sọ wọ́n sí ẹ̀wọ̀n ní ìlú Ràngúùnù. Ẹrú ní baba, ọ̀nà ló jìn. Ìrẹsì ẹ̀kúnwọ́ kan, tó ní kòkòrò nínú, ni oúnjẹ òòjọ́ wọn. Ẹni tó bá rọra gbé ẹsẹ̀ nídìí iṣẹ́, ọparun ni wọ́n fi ń nà án. Ebi yẹn ló bẹ̀rẹ̀ sí í pa ojú Fàlílù.

Inú ẹ̀wọ̀n yẹn ni Láwàlì kú sí. Kó tó kú, ó di ọwọ́ Fàlílù mú.

"Fàlílù, n ò fẹ́ gbé e lọ sọ́run. Mo rí Mùsílíù lẹ́yìn ilé lọ́jọ́ tí ẹ fa ìgbálẹ̀. Kúkúrú ni méjèèjì. Òun ló gé wọn. Èyíkéyìí tí o bá fà, ìwọ náà lo máa lọ. Ó bẹ̀ mí pé kí n má sọ."

Kúkúrú ni méjèèjì! Ẹ̀yin náà ẹ rò ó wò. Láti ọjọ́ náà, Fàlílù kò tíì ní í bọ́jú tán láàárọ̀ tí yóò ti dárúkọ Mùsílíù. Bí wọ́n bá nà án, á ní Mùsílíù ló nà án. Bí ebi bá pa á, á ní Mùsílíù ló ń jẹ oúnjẹ òun. Ó já koríko méjì tó dọ́gba, ó fi wọ́n sínú àpò ṣòkòtò rẹ̀. Bí wọ́n bá rún, á já òmíràn. Ikú kàn án lára tán, àmọ́ ìbínú kò jẹ́ kó lọ. Nígbà tí ogun parí tí wọ́n ṣílẹ̀kùn ẹ̀wọ̀n, àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Fàlílù ń ka iye ọjọ́ tí yóò fi dé ọ̀dọ̀ Mùsílíù.

Ahéré bàbá rẹ̀ tó ti dolóògbé ló yà sí ní Itele. Àpọ́nlé, àbúrò bàbá rẹ̀ obìnrin, tó ń fún epo pupa lẹ́bàá ibẹ̀, ló kọ́kọ́ rí i. Obìnrin yìí ò sá o. Ó wò ó lókè wò ó nílẹ̀, ó po ẹ̀bà fún un, ó jókòó tì í bó ṣe ń bù ú.

"Òkú kì í jẹ ẹ̀bà báyìí," ni Àpọ́nlé sọ, omijé sì bọ́ lójú rẹ̀. "Àlùbáríkà! Dìde, jẹ́ ká lọ bá ìyá rẹ. Nígbà tí lẹ́tà àwọn ológun dé pé wọn ò rí ọ mọ́, Àlùfáà Sírájúdéènì ní ẹni tí wọn ò rí lójú ogun ti kú nìyẹn. Wọ́n ṣe fídáù, wọ́n se sàráà. Ìyá rẹ kọ̀, kò fi ẹnu kan án. Ó ní òun ò ní jẹ sàráà alààyè. Àyà ń dùn ún, Fàlílù, ó ti gbẹ. Àmọ́ ó ń dúró dè ọ́."

"Màá lọ, Ìyá. Ẹ fún mi ní ọjọ́ mẹ́ta. Ẹ má sọ fún ẹnikẹ́ni pé ẹ rí mi."

"Ọjọ́ mẹ́ta kí lo fẹ́ ṣe?"

"Mùsílíù rò pé mo ti kú. Tí mo bá fẹsẹ̀ tẹ Ọ̀tà báyìí, á mọ̀ pé alààyè ni mí, á wá máa bẹ̀ mí, àwọn àgbà á ní kí n gbàgbé. N ò gbàgbé. Ẹ jẹ́ kí òkú kọ́kọ́ bá a sọ̀rọ̀ ná."

Àpọ́nlé bẹ̀ ẹ́, bẹ̀ ẹ́, Fàlílù kọ etí ọ̀gbọin sí i. Àpọ́nlé wá gbà pé òun ò ní sọ. Èmi ò sì dá a láre lórí ìyẹn.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kìíní, Fàlílù wọ kákí ológun rẹ̀, ó fi eérú para lójú, ó lọ dúró létí odò tó dábùú ọ̀nà oko. Mùsílíù ń bọ̀ lórí kẹ̀kẹ́. Fàlílù kàn gbé ọwọ́ sókè, ó fi ẹyọ ìgbálẹ̀ méjì hàn án. Kúkúrú ni méjèèjì, wọ́n dọ́gba.

Mùsílíù wo kákí, ó wo ojú, ojú rẹ̀ wá bọ́ sórí ìgbálẹ̀.

"Àúsù bílláhì!" Kẹ̀kẹ́ já sínú omi, Mùsílíù fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ, ó ń ṣubú, ó ń dìde. Fàlílù rẹ́rìn-ín títí ìhà fi ń dùn ún. Ó ti pẹ́ tó ti rẹ́rìn-ín bẹ́ẹ̀ gbẹ̀yìn, ó sì dùn mọ́ ọn ju oyin lọ.

Ní ọjọ́ kejì, ó fi ẹyọ ìgbálẹ̀ méjì há ẹnu ọ̀nà ahéré Mùsílíù. Ní ọjọ́ kẹta, ó sá pamọ́ sínú oko ẹ̀gẹ́, ó pariwo lẹ́ẹ̀mẹta: "Mùsílíù! Èwo ló gùn níbẹ̀?"

Mùsílíù ṣubú sórí ebè, ìtọ̀ bọ́ lára rẹ̀. Àwọn tó ń ṣiṣẹ́ nítòsí ló gbé e lọ sílé.

Ní ọjọ́ kẹrin, Àpọ́nlé wá bá a. "Ó tó o! Ibà ti dá Mùsílíù dùbúlẹ̀. Kò lè jáde mọ́."

"Kó dùn ún. Kó mọ bí ẹ̀rù ṣe rí."

"Ọjọ́ mẹ́ta rẹ ti pé."

"Ó ku díẹ̀. Á padà wá sóko. Mo fẹ́ kó kúnlẹ̀ níwájú mi, kó fi ẹnu ara rẹ̀ jẹ́wọ́."

"Fàlílù, ṣé o mọ ohun tí Mùsílíù yìí ti ń ṣe fún ìyá..."

"Ẹ jọ̀wọ́, Ìyá! Ẹ má dárúkọ rẹ̀ sí mi létí!" Fàlílù dìde, ó wọnú igbó lọ, kò jẹ́ kó parí ọ̀rọ̀. Ṣé ẹ rí i? Ìbínú a máa di èèyàn létí ju owú lọ. Àpọ́nlé mi orí, ó ru epo rẹ̀ lọ sí ọjà Agége.

Ọjọ́ mẹ́ta di mẹ́fà. Ní ọ̀sán ọjọ́ kẹfà, òjò ṣú. Fàlílù lọ wo etí odò bóyá Mùsílíù ti gbádùn. Láti inú igbó tó wà, ó rí ẹnì kan lókèèrè, tó jókòó sí òdìkejì odò, tó borí, tó gbé nǹkan gígùn kan sórí itan. Ó fún ojú mọ́ ọn, kò rí ju bàìbàì lọ. Ó jọ obìnrin, ó jọ arúgbó. Ó jọ pé ó ń sọ̀rọ̀ tàbí pé ó ń pe ẹnì kan, àmọ́ òjò ti bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀ lórí ewé, ariwo rẹ̀ kò jẹ́ kó gbọ́.

Inú bí i. "Ẹ ò rí Mùsílíù! Ó ti rán arúgbó wá bẹ òkú. Kó wá fúnra rẹ̀!"

Ó kọ ẹ̀yìn sí i, ó padà sí ahéré, ó dá iná, ó yá a.

Ilẹ̀ ọjọ́ keje mọ́ tán, oòrùn ti yọ, kó tó gbọ́ ohùn Àpọ́nlé. Ó ń sáré bọ̀, gèlè rẹ̀ ti tú.

"Fàlílù! Ọ̀nà Agége ni mo ti ń bọ̀, mo yà ní Ọ̀tà. Ìyá rẹ ti lọ!"

"Ó lọ síbo?"

"Ó kú! Wọ́n ti ń fi ọ̀rọ̀ ìwọ akúdàáyà pa mọ́ fún un, àfi bí Kùdírátù ṣe sọ ọ́ létí rẹ̀ lánàá. Ó bá gbé ẹní rù. Wọ́n ní kó má lọ, pé òkú ni. Ó ní bó bá jẹ́ òkú, òun lòun bí òkú náà, ọmọ òun ò ní í sùn sórí ilẹ̀ lásán. Ó jókòó sétí odò níbi tí wọ́n ní Mùsílíù ti rí ọ, ó ń pe 'Àkànbí! Àkànbí!' títí òjò fi wọ̀ ọ́ lára. Àwọn tó ń ti oko bọ̀ ló gbé e lọ sílé. Àyà rẹ̀ ò gbà á, kò rí òwúrọ̀."

Fàlílù fò dìde. "Létí odò? Pẹ̀lú ẹní?"

"Létí odò."

"Mo rí i." Ó di orí mú. "Yéè, Ìyá, mo rí i! Mo kọ ẹ̀yìn sí i!"

Kò mọ ìgbà tó sáré dé Ọ̀tà. Ẹ̀yìnkùlé ilé ni wọ́n gbẹ́ sàréè sí. Wọ́n ti kírun sí òkú lára tán, wọ́n ti wé e láṣọ funfun, wọ́n sì fi ẹní tuntun kan dì í, ẹní aláràbarà tí ẹnikẹ́ni ò jókòó lé rí. Bí wọ́n ṣe rí Fàlílù tó já wọlé tòun ti kákí àti eérú lójú, ìyọnu dé. Ẹni tó gbé òkú sílẹ̀ gbé e sílẹ̀, ẹni tó fo odi fo odi. Àlùfáà Sírájúdéènì fi láwàní rẹ̀ sílẹ̀. Ní ìṣẹ́jú kan, kò sí ẹnikẹ́ni níbẹ̀ mọ́.

Àfi ẹnì kan. Mùsílíù wà nínú sàréè, níbi tó ti fẹ́ gba òkú. Ibà ṣì ń gbọ̀n ọ́n, ojú rẹ̀ ti jìn wọ inú. Ó lè fò jáde, kò fò. Ó gbójú sókè wo Fàlílù.

"Fàlílù, bí o bá jẹ́ òkú, ìyá rẹ nìyí, gbà á lọ́wọ́ mi. Bó bá jẹ́ alààyè ni ọ́, bá mi gbé e níbi ẹsẹ̀. N ò lè dá a tẹ́, ibà ò jẹ́ kí n ní agbára."

Ọ̀pọ̀ oṣù ni Fàlílù ti fi ń ro ohun tí yóò ṣe fún Mùsílíù nígbà tí wọ́n bá kojú ara wọn báyìí. Ó ti rí ọrùn rẹ̀ lọ́wọ́ òun lójú àlá. Ó bọ́ sínú sàréè, ó gbé ìyá rẹ̀ níbi ẹsẹ̀. Ó fúyẹ́ gan-an. Àwọn méjì náà rọra tẹ́ ẹ, wọ́n kọ ojú rẹ̀ sí gábàsì, ọwọ́ wọn sì kan ara wọn lórí ẹní náà.

"Èmi ni mo gé méjèèjì," Mùsílíù sọ, ohùn rẹ̀ ń já. "Ẹ̀rù ikú ló bà mí. Kò pé oṣù méjì tí o lọ tí mo jẹ́wọ́ fún ìyá rẹ. Mo rò pé wọ́n máa ṣépè fún mi. Wọ́n ní kí n máa ṣe ọmọ fún àwọn títí o fi máa dé. Èmi ni mò ń pọn omi wọn, èmi ni mò ń lọ gba oògùn àyà wọn nílé ìwòsàn. Ó ti tó ọjọ́ mẹ́rin tí n ò lè dìde lọ gbà á."

Ọjọ́ mẹ́rin. Fàlílù mọ ẹni tó dá a dùbúlẹ̀. Ó fa ẹyọ ìgbálẹ̀ méjì náà yọ nínú àpò rẹ̀, ó wò wọ́n, ó ṣẹ́ wọn wẹ́wẹ́. Ó fi orí lé ẹní, ó sunkún bí ọmọ ọwọ́. "Màámi, ẹ dìde kí ẹ wò mí! Àkànbí yín ti dé!" Ta ni yóò dá a lóhùn?

Nígbà tí wọ́n bo sàréè tán ni àwọn ará ilé bẹ̀rẹ̀ sí í yọjú lọ́kọ̀ọ̀kan. Ní ọjọ́ ogójì Ìyádùnní, Mùsílíù dìde láàárín agboolé, ó sọ ohun tó ṣe lójú gbogbo ayé. Fàlílù náà dìde, ó sọ tirẹ̀. Láti ọjọ́ náà, bí wọ́n bá fa ìgbálẹ̀ nínú agboolé yẹn, dandan ni kí ẹni tó dì í mú la ọwọ́, kí tọmọdé tàgbà rí èyí tó kù. Àwọn méjèèjì kò bá ara wọn jà mọ́, àmọ́ ó tó ọdún kan gbáko kí wọ́n tó tún lè jọ fi ọwọ́ sínú àwo kan.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń kà á, n ò sọ pé ohun tí Mùsílíù ṣe dára. Ẹ̀tàn ni, ó sì burú. Fàlílù náà ní ẹ̀tọ́ láti bínú. Ṣùgbọ́n ẹni tó ṣẹ̀ ọ́ yóò ṣì wà níbẹ̀ lọ́la tí o bá fẹ́ bá a sọ ọ́; ẹni tó ń retí rẹ lè má sí níbẹ̀ mọ́. Gbogbo ọ̀tọ̀kùlú ìlú pé jọ, wọn ò rí ẹbọ àbámọ̀ ṣe. Fàlílù dàgbà, ó bímọ, ó di bàbá àgbà ní Ọ̀tà. Títí ó fi kú, orí ilẹ̀ lásán ló ń sùn. Ó ní ẹní tí wọ́n hun fún òun ti wà lára ẹni tó hun ún, òun ò sì ní òmíràn láyé.